Ìyá Tó Wọkọ̀ Lọ sí Ìrìn Ẹsẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tó wù mí tó kí n bá ìyá àgbà mi rin ìrìn ẹ̀jẹ́ lọ sí Topo. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ka èyí, ẹ má rò pé ìtàn adùn ni mo fẹ́ sọ. Títí di òní, bí mo bá rántí ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, ṣe ni itọ́ máa ń kún mi lẹ́nu, n óò sì wá ibi tu ú sí.

Abúlé wa wà nítòsí Ìjànikin. Lọ́dọọdún, bí Àjíǹde bá ku dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ kékeré wa tí wọ́n ní ẹ̀jẹ́ lọ́rùn a máa fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Topo, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ tẹ̀dó sí, láti lọ gbàdúrà. Òfin ìrìn náà kò le: o kò gbọdọ̀ wọ bàtà, o kò sì gbọdọ̀ gun ohunkóhun títí o óò fi dé etí omi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni wọ́n ń gbéra, oòrùn a sì ti máa rẹlẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀sà.

Àwọn kan a máa dá rìn. Wọ́n ní ẹni tó bá dá rìn ló ń gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń sọ, pé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì a máa bo ohùn Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà mi kò gba èyí gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń rìn láti ìgbà ọ̀dọ́. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì sin ọmọ, àìsàn kan náà ló mú àwọn ọmọ ọ̀hún lọ. Nígbà tí ilé kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n jùmọ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì ń gbé àwọn, àwọn yóò máa rìn lọ sí Topo pọ̀, àwọn yóò dúró létí omi níbẹ̀, àwọn yóò sì pe orúkọ ọmọ méjèèjì. Mo bi ìyá àgbà nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í dá rìn. Ọmọ Ègùn ni wọ́n, Yorùbá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yára, ṣùgbọ́n kì í ṣìnà.

"Ìbànújẹ́ wúwo," wọ́n ní. "Ẹnì kan kì í dá wọ́ ọkọ̀ kúrò nínú omi."

Owó epo rọ̀bì ló dé tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin kò mọ bí owó yẹn ṣe rí. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì lásìkò náà, ọkọ̀ akóyanrìn ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ń bi igi àgbọn lulẹ̀ bí ẹni ń tu koríko. Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ ìyá àgbà rí iṣẹ́ yanrìn gbà níbẹ̀. Kí a tó mọ̀, ó ti kọ́lé alájà, ó ti ra ọkọ̀ Pijó. Ìyá rẹ̀, tí òun àti ìyá àgbà jọ ń fẹ́ iná ẹja yíyan lánàá, wá di ẹni tí èéfín kò gbọdọ̀ kàn. Ẹ jọ̀wọ́, àgbà ni obìnrin náà sí mi, ṣùgbọ́n n kò ní fi "wọ́n" pè é. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un tán lójú ọ̀nà yẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí, ìyá àgbà ní mo ti dàgbà tó láti tẹ̀lé àwọn. A dúró de ọ̀rẹ́ wọn níwájú ilé ìjọsìn. Nígbà tó yọ, mo rò pé ìyàwó ojú ọ̀nà ni. Léèsì funfun, wúrà lọ́rùn, wúrà lọ́wọ́. Kò wọ bàtà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kun èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Pijó ọmọ rẹ̀ ń rọra bọ̀ lẹ́yìn, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń wà á.

"Ọkọ̀ ta ni ìyẹn?" ìyá àgbà bi í.

"Ọmọ mi ni. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí n dá wà lójú ọ̀nà."

"Ṣé o dá wà ni? Èmi wá ńkọ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ pé ayé ti yàtọ̀. Jẹ́ ká máa lọ."

A ń lọ. Kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni tí obìnrin yìí fi dúró, tí ọmọ rẹ̀ ṣí kúlà, tó gbé mínírà tútù lé e lọ́wọ́. A tún lọ díẹ̀, ó tún dúró, itan adìyẹ ló kàn. Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka rẹ̀, ó ju eegun sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ju ìgò lé e. Kò fi lọ ìyá àgbà, kò fi lọ èmi tí mo ru gaàrí. Kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ ló ká mi lára, ẹnu rẹ̀ ni. Láti òwúrọ̀, ilé ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, òyìnbó tó ń bọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò sọ ohun mìíràn. Ìyá àgbà kàn ń dáhùn pé "Ọlọ́run ṣeun."

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá. Pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ tú kúrò lára kọnkéré wà nílẹ̀ káàkiri. Ìyá àgbà gbẹ́sẹ̀, wọ́n kígbe "Oklunọ!", bí àwọn Ègùn ṣe ń ké pe Olúwa, wọ́n sì jókòó lulẹ̀. Ìṣó tó dípẹtà ti wọ̀ wọ́n látẹlẹsẹ̀. Èmi ni mo fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ ń da.

Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn sáré sọ̀ kalẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé ìyá lọ sí ọsibítù."

Ìyá rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà, ó sì wo inú ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fi aṣọ funfun bo gbogbo àga. Mo rí imú rẹ̀ bó ṣe ká. "Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ yìí?"

"N kò ní wọkọ̀," ìyá àgbà ní. "Ẹ̀jẹ́ ni. Dúró tì mí díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí o wá jẹ́ kí n fọwọ́ lé ọ léjìká. A óò dé bẹ̀."

"Léjìká kẹ̀? Léèsì yìí?" Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. "Wọ́n ń dúró dè mí ní Topo, ọ̀rẹ́ mi. Ayàwòrán ti débẹ̀. Ọmọọmọ rẹ yìí wà pẹ̀lú ẹ, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ló bá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó wọlé. Ọmọ rẹ̀ wò wá, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Eruku pupa bo èmi àti ìyá àgbà mọ́lẹ̀ níbi tí a wà.

Mo ya gèlè mi, mo fi di ojú ọgbẹ́ náà. Mo ṣẹ́ igi fún wọn láti fi tilẹ̀, èjìká mi ni wọ́n fi ọwọ́ kejì dì mú. Àwọn obìnrin ìjọ wa tó wà lẹ́yìn bá wa, wọ́n ní "Ẹ pẹ̀lẹ́," wọ́n sì kọjá. Wọ́n ti rí ọkọ̀ náà, gbogbo wọn ló rí i. Lágbègbè Imẹ́kẹ, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí, tó ń dín àkàrà, ló gbé apẹ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó fi epo gbígbóná jó ojú ọgbẹ́ náà fún wọn. Ìyá àgbà kò ké. Omi kàn ń bọ́ lójú wọn, n kò sì mọ̀ bóyá nítorí epo ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa gúnlẹ̀ sí Topo, oòrùn ti pọ́n sórí ọ̀sà. A ń gbọ́ orin. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Obìnrin yẹn jókòó sórí àga láàárín gbogbo ìjọ. Olórí ìjọ wa kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fi omi inú abọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó bá rìn dé, ẹsẹ̀ tó ti mọ́ fúnra rẹ̀ bí àwo tánganran. Ayàwòrán ń ya á. Ó ń jẹ́rìí: "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín! Ọ̀rẹ́ mi ló rẹ̀ lọ́nà, òun ló ní kí n máa lọ, kí n má ṣe jẹ́ kí ẹ̀jẹ́ wa já."

Wọ́n ń pariwo halelúyà. Abọ́ ìrẹsì tí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé wá wà lọ́wọ́ wọn, òróró ń dán lẹ́nu wọn.

N kò mọ ìgbà tí mo kígbe: "Irọ́ ni! Ọkọ̀ ló gbé e wá! Ó fi wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà!"

Orin dúró. Olórí ìjọ gbé ojú sókè, aṣọ ìnura ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Mo wo àwọn tó kọjá wa lọ́nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹrí sínú ìrẹsì. Bí èébì ṣe gùn mí lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, mo sì bì sórí yanrìn níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, n kò sì tọrọ àforíjì.

Ìyá àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n tiro dé iwájú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ti pe orúkọ ọmọ rẹ?"

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo ayàwòrán. Ó ti gbàgbé. Láàárín léèsì àti ayàwòrán, ó ti gbàgbé òkú ọmọ tó tìtorí rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ìyá àgbà kọjá lọ sí etí omi. Wọ́n pe orúkọ ọmọ tiwọn. Wọ́n sì pe orúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. Inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ pe èyí?"

"Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí," wọ́n ní.

Láti ọdún tó tẹ̀lé e, ìyá àgbà dá rìn. Mo bẹ̀ wọ́n kí n tẹ̀lé wọn, wọ́n kọ̀. Ẹsẹ̀ yẹn kò san tán, wọ́n a máa wọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ. Nígbà tó yá, owó epo gbẹ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, Pijó náà wọ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn kan, pẹ̀lú ìró àdìrẹ, ó ní kí àwọn jọ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá àgbà ní, "Ọ̀nà kò nílẹ̀kùn. Máa rìn." Wọ́n ṣíwájú, òun ń tẹ̀lé wọn lókèèrè, wọn kò sì bá ara wọn sọ gbólóhùn kan dé etí ọ̀sà. Èmi kò kí i.

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, èmi náà rìn ín, èmi nìkan, títí orúnkún mi fi kọ̀. Kí n má parọ́ fún yín, dídá rìn kì í ṣe adùn. O lè rí ẹyẹ lékeléke lójú omi kí o yíjú láti fi han ẹnì kan, kí o má rí ẹnì kankan. Síbẹ̀, mo fara mọ́ ọn ju kí n jókòó nínú eruku ẹni tí a jọ gbéra.

Lónìí, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń rin ìrìn náà. Wọ́n á wọ ẹ̀wù kan náà, wọ́n á sọ̀ ní ìkángun ìlú, wọ́n á rin ìwọ̀n tí fóònù lè yà, wọ́n á sì máa jó lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ tiwa ló dára, mo ti sọ ohun tí mo rí fún yín, ó sì ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tó wọkọ̀ nígbà náà ní láti parọ́ pé òun rìn, nítorí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun rìn. Lọ́dún tó kọjá, mo bi ọ̀kan nínú àwọn tòní pé, "Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ta ló tún ń béèrè ìyẹn?"