Tẹlifíṣọ̀n Ọkọ̀ Barba Lovre

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Barba Lovre, kí wọ́n tó tilẹ̀ sọ pé ó ti kú, ni ti ọjọ́ tó fi okùn so tẹlifíṣọ̀n tuntun, tó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun níṣojú gbogbo èbúté. Kò bínú, kò sì mutí. Ó tilẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa. Ó so orí okùn náà mọ́ òpó irin tí à ń so ọkọ̀ mọ́, ó fi ìdí ṣòkòtò rẹ̀ nu ọwọ́, ó sì lọ jókòó síwájú ilé kọfí bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán.

Prošper, tó ta tẹlifíṣọ̀n náà fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Barba Lovre! Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo ń fún un lómi mu ni."

"Ẹ ń fún kí ni lómi mu?"

"Tẹlifíṣọ̀n. Ṣebí ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ pé ti ọkọ̀ ni?"

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Pákó ni gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ní erékùṣù wa. Tí ọkọ̀ bá lo ìgbà òtútù lórí ilẹ̀, pákó rẹ̀ á gbẹ, ojú ìsopọ̀ á là, ẹni tó bá sì gbé e sójú òkun bẹ́ẹ̀ á gbọ́n omi títí ọwọ́ á fi bó. Torí náà, bí òtútù bá ti lọ, a máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ rì sí etí omi fúngbà díẹ̀, kó mu omi, kí pákó wú, kó di mọ́ra. Ọkọ̀ tí kò bá tíì mu omi, a kì í gbé e lọ ibì kankan. Lójú Barba Lovre, ohun tí wọ́n bá sì pè ní ti ọkọ̀, bí ọkọ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ máa wá fà á sókè?" Prošper béèrè.

"Tó bá yó."

Nígbà tó yó, akàn kan ti kó wọnú rẹ̀. Barba Lovre gbé tẹlifíṣọ̀n náà ka orí tábìlì Prošper, omi ń ro tótó sílẹ̀.

"Kò wú," ó ní. "Kò sì di mọ́ra. Ayédèrú lo tà fún mi."

"Barba, omi ti wọnú ẹ̀ ni!"

"Ohun témi náà ń sọ nìyẹn. Ó ń jò."

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi dé àtàrí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, Prošper gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ṣèlérí pé òun á wá ẹ̀rọ mìíràn, Barba Lovre sì lọ sílé. Akàn yẹn nìkan ló mú lọ, òun ló sì fi jẹun alẹ́.

Barba ni à ń pe àgbà ọkùnrin tó bá mọ ojú òkun níbí, Lovre sì mọ̀ ọ́n débi pé ìtàn tó ń sọ nípa rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ráyè wò ó dáadáa. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà tó ti fẹ́ Dinka ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì ló jọ ń wọkọ̀ lọ dẹ àwọ̀n. Lovre á máa tukọ̀, á máa sọ ìtàn ẹja tó tóbi ju ọkọ̀ lọ àti ìjì tó fi ọwọ́ kan dá dúró. Dinka á máa tú àwọ̀n sómi, á máa sọ pé, "Irọ́." Ìtàn Lovre kò dùn láìsí irọ́ tí Dinka ń pè é yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ọmọ wọn tó wà ní Jámánì tó fi tẹlifíṣọ̀n ràgàjì kan ránṣẹ́ sílé. Eré àtìgbàdégbà kan wà níbẹ̀ nípa dókítà tó ṣèlérí ìgbéyàwó fún obìnrin méjì, àkókò tí wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ sì bọ́ sí àkókò àwọ̀n gẹ́lẹ́.

"Máa lọ," Dinka sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ẹja ò ní sá lọ. Dókítà yìí ni mi ò fọkàn tán."

Lovre dá lọ. Prošper rí i nígbà tó dé, nítorí iwájú èbúté ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Àwọ̀n ti lọ́ mọ́ra wọn, ẹja kò tó nǹkan, ọkùnrin náà sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ti so mọ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó ń bá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Prošper gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni Lovre ti dà bí ẹni tí eyín kan yọ lẹ́nu rẹ̀, tí ahọ́n kò yé lọ síbẹ̀.

Ẹlòmíràn á sọ pé, "Dinka, jọ̀ọ́, bá mi lọ." Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Àmọ́ Lovre kì í bẹ èèyàn. Ọjọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú òkun, tí àwọn apẹja fi okùn fa ọkọ̀ rẹ̀ wálé, ó ní òun lòun ń ti àwọn yẹn láti ẹ̀yìn, torí ẹ́ńjìnnì wọn ò lágbára. Dípò kó bẹ Dinka, ọ̀dọ̀ Prošper ló gbà lọ.

"Ọkọ̀ mi fẹ́ tẹlifíṣọ̀n," ó ní.

"Ọkọ̀ yín?"

"Ó ti dàgbà. Ó yẹ kó jẹ̀gbádùn díẹ̀."

Prošper wò ó. "Irú eré wo ni ọkọ̀ yín fẹ́ràn, Barba?"

"Ti dókítà."

Prošper kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ló ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe tirẹ̀. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú Split kó máa gba eré náà sórí àwo fídíò, òun náà sì ń wá ẹ̀rọ tí á lè wọnú ọkọ̀ kékeré, tí kò ní gba gbogbo àyè, tí kò ní bẹ̀rù omi. Ti àkọ́kọ́ lèyí tí akàn fi ṣelé.

Èkejì ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ju àwòrán sára ògiri. Ọkọ̀ kò ní ògiri, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ ìgbòkun. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Lovre ta ìgbòkun, ó so ẹ̀rọ mọ́ bátìrì ọkọ̀, dókítà sì yọ gànnàkù sára aṣọ. Tilé-toko ló dà wá sí èbúté. Dinka náà dé, ó jókòó sórí ògiri òkúta, ó ní òun ò wọkọ̀, afẹ́fẹ́ lòun wá gbà.

Afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tó bá fẹ́, ìgbòkun á yọ ikùn, dókítà á sì lóyún. Tó bá dáwọ́ dúró, dókítà á bí. Àwọn tó jókòó sí ẹ̀yìn aṣọ ń rí gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì, wọ́n ní ọwọ́ òsì ló fi ń gé èèyàn, àwọn ti iwájú ní ọ̀tún ni, ó kù díẹ̀ kí wọ́n jà. Ibi tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti fẹ́ jẹ́wọ́ ẹni tó ni ọmọ ni bátìrì ti kú. Ariwo sọ.

Lovre dìde dúró nínú ọkọ̀. "Ẹ dákẹ́," ó ní. "Màá parí ẹ̀ fún yín."

Kò wo eré náà rí láyé rẹ̀. Nínú tirẹ̀, dókítà kọ obìnrin méjèèjì sílẹ̀, ó ra ọkọ̀, ó di apẹja.

"Ilé ìwòsàn ẹ̀ ńkọ́?" ẹnì kan bi í.

"Ó tà á. Ó fi ra àwọ̀n."

"Irọ́!" Dinka pariwo láti orí ògiri.

Ó ti pẹ́ tí Lovre ti gbọ́ irú rẹ̀. Ó yí ojú sẹ́yìn kíá, ó ní òun ń wo okùn. Kò sí ohun tó ṣe okùn. Bátìrì kan náà ló sì ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, nítorí náà àjẹ̀ ló fi wa ọkọ̀ padà síbi tó ń so ó mọ́, ó ní eré ìdárayá lòun ń ṣe.

Ìkẹta ló wá bá a mu. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣí bí ìwé ni, ó ń gba àwo, ó sì ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Dinka ní òun á wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun wò ó bóyá Prošper tún ti ta ayédèrú fún ọkọ òun. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ojú òkun, oòrùn kò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Lovre bá fa kúbùsù bo orí àwọn méjèèjì. Àwọn ọlọ́pàá orí omi rí ọkọ̀ tó ń rìn gbéregbère, tí òkìtì kúbùsù kan ń mì nínú rẹ̀, wọ́n sì sún mọ́ ọn.

"Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi àti ìyàwó mi," Lovre dáhùn. Kò yọjú.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Kí ló kàn yín? A ti ṣègbéyàwó."

"Ẹ dákẹ́ ná," ohùn Dinka jáde, "iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe lọ́wọ́."

"Ta ló ń ṣiṣẹ́ abẹ?"

"Dókítà."

"Dókítà wà lábẹ́ kúbùsù náà?"

"Òun àtàwọn obìnrin ẹ̀ méjèèjì," Lovre sọ.

Ọlọ́pàá fi ìka kà wọ́n. "Èèyàn márùn-ún! Ọkọ̀ yín ò gbọdọ̀ gbà ju mẹ́rin lọ."

"Ẹ fara balẹ̀," ni Lovre wí. "Ọ̀kan nínú wọn ò ní pẹ́ kú."

Àwọn ọlọ́pàá náà ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún Prošper nígbà tí wọ́n wá ra irú ẹ̀rọ yẹn fún ọkọ̀ tiwọn.

Dinka wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Bátìrì ẹ̀rọ náà kì í bá eré dé òpin. Tó bá ti kú, Lovre á gba ìtàn náà sẹ́nu, á sì pa á dé ibi tí kò sí dókítà tó débẹ̀ rí. Nígbà tí Prošper ṣètò láti ta bátìrì tó lágbára jù ú lọ fún un, Dinka gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé.

"Má tà á fún un," ó ní. Kò sọ ìdí, ó jáde lọ.

Barba Lovre kú nígbà tí wọ́n ń ká èso ólífì, lórí ibùsùn rẹ̀, lẹ́yìn tó ti bá dókítà gidi jiyàn nípa ohun tó ń ṣe é. Dókítà ló jàre, ó ṣeni láàánú.

Bí ọjọ́ Nikola Mímọ́ ṣe ń sún mọ́lé, àwọn àgbà tọ Dinka lọ. Lọ́jọ́ yẹn, a máa ń dáná sun ọkọ̀ àtijọ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, iyì ńlá ni fún ọkọ̀ àti fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ti Lovre ló yẹ lọ́dún yìí. Dinka dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní rárá.

Prošper bá a létí omi, ó ń tú okùn ọkọ̀. Prošper gbé bátìrì ńlá tí kò tà fún Lovre lọ́wọ́.

"Teta Dinka," ó ní, bí a ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí, "ẹ gba eléyìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ ẹ́ lè wo eré yín dópin báyìí."

"Mo ti wò ó dópin, Prošper. Wọ́n máa ń tún un gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àárọ̀ ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀."

Prošper sún mọ́ ọkọ̀ náà. "Kí lẹ wá ń jókòó sílé nírọ̀lẹ́ ṣe?"

"Ọkùnrin yẹn ò sọ ọ́ rí láyé ẹ̀ pé, 'Dinka, bá mi lọ.' Á kàn gbé àjẹ̀ kọ́ èjìká, èmi náà á tẹ̀ lé e. Mo ní kí n jókòó, kí n wò ó bóyá á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìborí mi ti wà lórí mi nínú ilé, Prošper. Mo ti múra tán. Mo kàn ń retí ẹ̀ ni."

"Kò sọ ọ́."

"Kò sọ ọ́. Ó ń ra ẹ̀rọ kiri." Ẹ̀rín gbé e, lẹ́yìn náà ló fi etí ìborí nu ojú. "Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé bí òun ṣe ń sọ tiẹ̀ nìyẹn. Mo wá ń gbádùn ẹ̀ débi tí mi ò fi fẹ́ kó dákẹ́."

Omijé ti bọ́ lójú Prošper, kò sì fi pamọ́. Dinka bọ́ sínú ọkọ̀, ó tún àwọ̀n tò sẹ́sẹ̀, ó wo àyè tó ṣófo níwájú rẹ̀. Ó wá gbé ojú sókè.

"Prošper, jọ̀ọ́," ó ní, "bá mi lọ."

Prošper gbé bátìrì sílẹ̀ lórí òkúta èbúté, ó sì wọkọ̀.