Arlys àti Ẹ̀yìn Ìwé Ìbò

Ní Lomnice, ìlú alágbàdo kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kì í sábà yí ìwé ìbò padà. Wọ́n á dìbò fún gómìnà àti àwọn yòókù níwájú, wọ́n á jù ú sínú àpótí, wọ́n á sì bá kọfí wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn ìwé náà ni orúkọ àwọn adájọ́ wà. Àwọn adájọ́ kò ní alátakò níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà: ṣé kí ẹni yìí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Bẹ́ẹ̀ni tàbí Bẹ́ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Arlys Pospisil. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì níbi tó ti ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn nílé ẹjọ́. Á máa wò ó bóyá adájọ́ ń tẹ́tí sí ènìyàn, bóyá ó ń kanra mọ́ tálákà, bóyá ìdájọ́ rẹ̀ ń yé ẹni tí ó dá a fún. Tí ìdìbò bá ti súnmọ́lé, ìjọ á se ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta, wọ́n á sì fi búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ká bí òṣùká jẹ ẹ́. Níbẹ̀ ni Arlys ti máa ń dìde sọ ohun tó rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí bí yóò ṣe dìbò.

Lọ́dún yìí, orúkọ kan péré ló wà lẹ́yìn ìwé: Adájọ́ Whitcomb. Òun ló rán Curtis, ọmọ Arlys, lọ sẹ́wọ̀n. Curtis mutí yó, ó wa ọkọ̀, ó sì gbá òṣìṣẹ́ oko kan tó ń jẹ́ Eusebio, tí kò lè rìn dáadáa mọ́ títí dòní.

Curtis ti pe ìyá rẹ̀ láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. "Màmá, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ẹ ní kí wọ́n fi Bẹ́ẹ̀kọ́ fún un."

"Curtis, o mọ̀ pé mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ yín ni mí o, Màmá."

Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu Arlys mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé apá kan nínú ọkàn òun náà fẹ́ ohun tí Curtis ń fẹ́. Ó rò ó pé kí òun jókòó sílé lọ́jọ́ oúnjẹ ìjọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, gbogbo ìlú á ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí Bẹ́ẹ̀kọ́.

Ó lọ. Kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tí Delbert Vrana, tó ń ta ajílẹ̀, fi pariwo pé, "Arlys, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú! Jẹun. A ti mọ ohun tí a máa ṣe. A máa lé e lọ sílé kó lọ máa pẹja."

Ìyá àgbà Vlasta wò ó tìka-tẹ̀gbin. "Ìwọ Delbert, ìgbà wo lo yí ìwé ìbò padà rí?"

"Mo máa ń yí i padà, Ìyá! Mi kì í kàn kà á ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Arlys kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dìde, ó gbá ṣíbí bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí ló rán ọmọ mi lọ sẹ́wọ̀n," ó ní. "Nítorí náà, ẹ má fi ojú tèmi nìkan wò ó. Èrò àwọn agbẹjọ́rò tó máa ń ṣẹjọ́ níwájú rẹ̀ wà nínú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí."

Ó fẹ́ jókòó.

"Ọjọ́ ẹjọ́ Curtis ńkọ́?" Vlasta bi í. "O wà níbẹ̀. Kí lo rí?"

Arlys tún dìde dúró. Bí Arlys bá ní omijé ò jẹ́ kí òun ríran, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó máa ń pẹ́ dé láàárọ̀," ó bẹ̀rẹ̀, "ohùn rẹ̀ sì kéré, àwa tí a wà lẹ́yìn kì í gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jẹ́ kí Curtis sọ̀rọ̀ tán. Ó ní kí ìyàwó Eusebio náà sọ tirẹ̀, ó sì mú sùúrù títí ògbufọ̀ fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó sọ ìdí tó fi dájọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ó yé mi."

Ó jókòó. Delbert tẹjú mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀.

"Ìyẹn ò tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ rárá, Arlys," ó kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde lọ bu kọfí, ó mú ọ̀kan nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù dún. Arlys sáré gbé e.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ," ni Curtis wí.

Arlys fa àga kan, ó jókòó.

"Ẹ ní ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán?"

"Ó jẹ́ kí o sọ ọ́ tán, Curtis."

Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí.

"Mo mọ̀," ni Curtis wí níkẹyìn. Ó wá béèrè pé, "Ṣé búrẹ́dì dídùn yẹn ṣẹ́kù?"

"Ọ̀kan wà nínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí n gbé e wọlé wá bá ọ."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ ṣáà bá mi pa á mọ́."