Ẹni Tó Fọ Ṣílè Henry

Ní Áfẹ́níù Kẹrin ní Festac, ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ wọ ilé òun. Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹyọ ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo gba iwájú géètì rẹ̀ kọjá, á gbóòórùn rẹ̀ láti yàrá ẹ̀yìn, á sì dìde fùú bí ẹni tí ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Dorothy ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì Ìyìn, ti ń se ẹja tútù láìsí ọsàn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹja náà ń rùn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Olúṣẹ̀yẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ orúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ sínú ìwé ńlá, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára débi pé ọkùnrin kan wá gba ìwé ilẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìwé náà kọ́ ara ògiri, ó gbàgbé pé òun ní ilẹ̀. Owó irin àtijọ́ ló wá gba ọkàn rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì: tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn ìyá wa máa ń fi okùn sín bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà lórí Wasáàpù tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Oníhò, igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá, láti Agboju títí dé òkè òkun. Nínú ẹgbẹ́ yìí, Tíṣà Má-fọ̀-ọ́ ni orúkọ Olúṣẹ̀yẹ, nítorí ohun yòówù kí ẹ bi í, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Èèyàn á máa ṣe kàyéfì pé kí ló ń mú àgbàlagbà máa fi ìmọ̀ tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò rí rí. Ti Kọ́ládé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Amuwo, kò ṣòro: tí kò bá tíì sọ ohun kan tó mọ̀ kó tó jẹun àárọ̀, ikùn rẹ̀ á wú. Àǹtí Rosaline, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ń dá a lóhùn "hẹn-ẹn" láìgbójú sókè. Nínú ẹgbẹ́, igba ojú ló ń gbé sókè tó bá sọ̀rọ̀. Olúṣẹ̀yẹ kì í ṣakọ, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aago márùn-ún àárọ̀ lẹ béèrè ọ̀rọ̀, á ti dáhùn kó tó di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjì. Inú rere ni wọ́n pè é. Inú rere kọ́. Ẹ̀rù ni.

Ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ Henry wá. Henry àti Olúṣẹ̀yẹ jọ wọ iṣẹ́ ìjọba lọ́dún kan náà, wọ́n jọ rí ilé gbà ní Festac nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì ń rùn fún ọ̀dà tuntun. Nígbà tí Henry kó lọ sí Kuje, èyí tó wà lẹ́bàá Amuwo níbí, wọn ò jẹ́ kí ìyẹn yà wọ́n: ní gbogbo Sátidé, ọ̀kan á gun kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Henry ló dá Ẹgbẹ́ Oníhò sílẹ̀. Ó ní ṣílè fàdákà mọ́kànlá tó ní igi ọ̀pẹ lójú kan, tí ìyá rẹ̀, aláró kan ní Ìtokú l'Ábẹ́òkúta, fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo wọn ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe ìpàdé ojúkojú wọn àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Amuwo. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Henry gbé agolo ṣílè rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé kó bá òun kọ ìwé pélébé tí wọn á tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣẹ̀yẹ," ó ní, "kọ ọ́ kó dà bí ìwé ìgbéyàwó ọba. Kí Kọ́ládé rí i kó lọ sùn láìjẹun."

Ọmọ alágogo ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúṣẹ̀yẹ. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà, gbogbo Sátidé ni bàbá rẹ̀ fi ń kó ọ̀pá àbẹ́là idẹ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, pé kó fi gbo ó títí tó fi máa rí eyín ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Ibi tí àbàwọ́n kan bá kù, oúnjẹ ọ̀sán ti lọ nìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà kó rí irin dúdú kó fi í sílẹ̀. Àlejò ń bọ̀ wá wo ṣílè. Ta ni í gbé ìdọ̀tí síwájú àlejò? Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, Dorothy lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, Olúṣẹ̀yẹ wọ kíṣìnì. Ó fọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Orin ìyìn ló ń kọ bó ti ń gbo ó. Nígbà tó fi máa parí, ṣílè ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó, ó sì to wọ́n padà sínú agolo bí ẹni to ẹyin.

Lọ́jọ́ kejì, Henry ṣí agolo lábẹ́ tábìlì ní gbọ̀ngàn náà. Ó dé e.

"Ó mọ́," ó ní jẹ́jẹ́.

Olúṣẹ̀yẹ rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tí alága pe Henry pé kó wá fi ti rẹ̀ hàn, Henry dìde, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti gbàgbé agolo sílé. Gbogbo ẹgbẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, pé orí àgbà ti ń jò. Ó dúró gba ẹ̀rín náà, agolo wà nínú ọ̀rá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé láìdúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sátidé tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Henry kú lójijì. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni Olúṣẹ̀yẹ jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, bí ẹni tí kò mọ olóògbé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìpàdé yẹn ló ka ohun tó ṣe lórí ayélujára, lọ́wọ́ àjèjì kan tó ń dá ẹlòmíràn lóhùn: pé dúdú ara fàdákà ni aṣọ rẹ̀, pé ẹni tó bá fi ọsàn bọ́ ọ ti bọ́ àgbàlagbà sí ìhòòhò láàrin ọjà, kò sì sí ẹni tó lè wọ aṣọ náà fún un padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni omi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ilé náà ti gbẹ láti ayé ológun. Omi bọhóòlù ni gbogbo kúlósì, òpópónà kékeré wọn, ń lò. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gangan, bí Olúṣẹ̀yẹ bá jókòó sí pálọ̀, á gbọ́ tí omi ń ṣàn ní kíṣìnì. Á gbọ́ kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́, bí irin ṣe ń ha irin nínú omi. Á dìde lọ wò ó. Síńkì á gbẹ táútáú, aáyán kan á dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀, á máa wò ó. Tó bá padà jókòó, ó tún di ṣọ̀ọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí omi náà ń dá ni ìgbà tí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́, tí òun sì dáhùn pé má fọ̀ ọ́. Ìdáhùn kan lè ra wákàtí kan. Èyí tó gùn dáadáa lè ra ọ̀sán kan. Ẹ ti wá rí ohun tí wọ́n ń pè ní inú rere.

Ó wá di Sátidé kan nínú oṣù Agẹmọ tó kọjá. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kànáàlì ti kún dé etí. Olúṣẹ̀yẹ gbé fóònù, ó rí i lókè ẹgbẹ́: Henry ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Henry ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún méjì ó lé.

Kọ́ládé ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé òkú ti ń ra dátà ni?"

"Kọ́ládé, gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún," Àǹtí Rosaline kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá wọlé. "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Lilian ni, ọmọ Henry. Bátìrì tuntun ni mo rà sí fóònù Dádì, ẹ má bẹ̀rù." Fọ́tò méjì tẹ̀lé e. Èkíní ni ṣílè kan tó ń dán bí eyín tuntun. Èkejì ni ṣílè kan náà, nígbà tó ṣì dúdú. Ohun búlúù kan wà láàrin imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀, bí òjìji.

"Aró nìyẹn," Lilian kọ ọ́. "Ìyá Dádì fi ọwọ́ aró gba ṣílè yìí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta aṣọ láyé wọn. Wọn ò ná an títí wọ́n fi kú. Láti kékeré ni Dádì ti máa ń fi hàn mí pé, 'Wo ìka ìyá mi.' Mo ṣí agolo lánàá, aró ti lọ. Kí ló kó o lọ? Ṣé ó lè padà?"

Olúṣẹ̀yẹ kò mọ̀ rí pé aró ni. Ṣùgbọ́n ó rántí nísinsìnyí pé ọ̀kan nínú wọn ṣe agídí, pé òun ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan láti fi tọ àárín imọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé omi inú síńkì yí àwọ̀ padà. Ó wo ìka rẹ̀. Ó nù ún sára ṣòkòtò.

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni, Àǹtí Lilian," Kọ́ládé kọ ọ́. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè padà mọ́."

Ẹnì kan ní á jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Mazamaza. Ẹlòmíràn ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

"Tàbí Bàbá fúnra wọn," Kọ́ládé tún fi kún un. "Mi ò bú wọn o. Ẹ rántí pé nǹkan ti ń sá mọ́ wọn lórí nígbà yẹn. Agolo gan-an, wọ́n gbàgbé ẹ̀ sílé lọ́jọ́ ìpàdé."

Lilian fèsì. "Tó bá jẹ́ Dádì ni, á jẹ́ pé wọ́n ti gbàgbé ìyá wọn kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ mọ̀. Tíṣà, ẹ̀yin lọ̀rẹ́ wọn. Ṣé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan ni?"

Omi ṣí ní kíṣìnì. Olúṣẹ̀yẹ sáré tẹ ọ̀rọ̀: ó ṣàlàyé fàdákà, ó ṣàlàyé èéfín àti òógùn ọwọ́, ó kọ ọ́ kún ojú fóònù. Omi ò dá. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Igba èèyàn ló ń wò ó pé Tíṣà ń tẹ ọ̀rọ̀, Tíṣà ti dákẹ́, Tíṣà tún ń tẹ ọ̀rọ̀. Tó bá kàn dákẹ́ pátápátá, Henry á di arúgbó tó ba ohun ìní ìyá rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Kò ní ná an ní nǹkan kan.

"Mọ́mì Ìyìn," ó ké pè, "ṣé o gbọ́ omi?"

"Omi wo?" Dorothy yọ síta, ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ka ojú fóònù láti òkè èjìká rẹ̀. Ó kà á tán. "Ọsàn wẹ́wẹ́ mi mẹ́jọ," ó ní.

"Kí ni?"

"Mẹ́jọ ni mo rà ní Agboju lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti ìpàdé dé, èèpo ni mo bá. Mo wo síńkì, mo wo ojú yín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jẹ ẹja olóòórùn, Dádì Ìyìn, mo ń retí ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ ọ́."

"O mọ̀, o ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ṣé èmi ni mo fọ ṣílè ni?"

Ó padà sí kíṣìnì. Olúṣẹ̀yẹ kò tẹ ọ̀rọ̀ mọ́, ohùn ló fi ránṣẹ́.

"Lilian, èmi Olúṣẹ̀yẹ ni. Henry kò gbàgbé nǹkan kan. Agolo yẹn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọsàn àti eérú, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Bàbá rẹ purọ́ mọ́ ara rẹ̀ láti bo àṣírí mi, mo sì jẹ́ kí gbogbo yín fi í rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó kú pẹ̀lú ẹ̀. Aró náà kò lè padà."

Kọ́ládé pa ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Henry rẹ́. Ó kọ "Ẹ jọ̀ọ́" sí ipò rẹ̀, ó tún pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹni mẹ́ta jáde kúrò nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Lilian wọlé sọ́dọ̀ Olúṣẹ̀yẹ nìkan: "Ẹ máa bọ̀ nílé lónìí. Àwọn mìíràn wà."

Ó gun kẹ̀kẹ́ dé Kuje nínú ẹrẹ̀. Lilian ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín. Lórí tábìlì, ó ti tẹ́ aṣọ funfun kan, owó irin mọ́kàndínlógún sì wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn dúdú.

"Dádì kó àwọn yìí pamọ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìpàdé yẹn," ó ní. "Wọn ò fi han ẹnì kankan mọ́. Mi ò mọ orúkọ wọn."

Olúṣẹ̀yẹ nawọ́, bó ṣe mọ́ ọn lára.

"Rárá, Dádì Ìyìn. Ẹ fi ọwọ́ yín sábẹ́ itan. Ẹnu yín ni mo ránṣẹ́ pè."

Bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lilian ń yí owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, Olúṣẹ̀yẹ ń sọ ọdún rẹ̀, ó ń sọ ibi tí lẹ́tà kékeré tó fi ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ hàn wà, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú. Lilian ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ Olúṣẹ̀yẹ kú tipiri lábẹ́ itan, kò fà á yọ. Omi náà ti tẹ̀lé e dé Kuje, ó ń ṣàn ṣọ̀ọ̀ lẹ́yìn ògiri, òun náà sì ń sọ̀rọ̀ bọ̀ lórí ariwo ẹ̀.

Wọ́n dé orí èyí tó kẹ́yìn. Lilian kò tíì dé bírò rẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan," ó ní. "Nígbà tí Dádì ṣí agolo lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọ́n wò?"

Olúṣẹ̀yẹ ronú. Kò tíì sẹ́ni tó bi í rí.

"Kò wo ṣílè náà pẹ́," ó ní. "Ọwọ́ mi ló wò. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, ó wo abẹ́ èékánná mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan."

"Wọ́n ń wá aró," Lilian ní.

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.