Ohun Tó Ń Mu Iná Ọkọ̀ Ọmọ Mi

Orúkọ gbogbo wọn ni mo mọ̀. Mo mọ orúkọ rẹwáyà tó tú iná ọkọ̀ náà palẹ̀, mo mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti ti ìyá tó bí i. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú náà lójúde wa, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n n ò ní kọ ọ̀kankan síbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà, mo sì kà á débi tí mo fi mọ̀ pé orúkọ tí èèyàn bá ti kọ sílẹ̀, ẹjọ́ ni.

Ọmọ mi ọkùnrin ló ni ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù ni, dísù ló ń mu, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dáadáa. Ó fi ń kó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ní Alaba, ó ń gbé e lọ fáwọn tó bá rà á, láti Ọjọ́ títí dé Àgbádárìgì. Lọ́jọ́ kan ó ní orí ń fọ́ òun, a ní kó sinmi. Ká tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fọ́rí, ó ti lọ.

Àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí bàbá rí sàréè ọmọ. Inú yàrá ni wọ́n fi mí sí nígbà tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Títí di òní, n ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ohun tí mo rí wò ni ọkọ̀ rẹ̀, nínú ọgbà wa ní Igbó-Ẹlẹ́rin, ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ògiri yàrá mi, níbi tó ti máa ń páàkì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ọkọ̀ òkú kì í jáde ní géètì kí wọ́n tó ṣàdúrà ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn àdúrà, ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan á máa wà á, á máa mú owó wálé fún ìyàwó àti ọmọbìnrin kékeré tó fi sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, èyí tó tẹ̀lé mi, ló fi kún un pé bí ọkọ̀ náà ò bá wúlò, ká tà á, ká pín in, kí ìyàwó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé opó kan àti ọmọ rẹ̀ ṣe dórí irin.

Èmi ni mo ní kí ìyàwó ọmọ mi máa sítáàtì rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ́ńjìnnì má baà sùn. Ó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó kàn ń ṣe kẹ-kẹ-kẹ ni. Bátìrì ti kú. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í ṣe tẹni tí ò lágbára. Bí bátìrì ò bá kún, kò ní wojú ẹ. A gbé bátìrì lọ fún àwọn tó ń ṣájì ní ìyànà Ìbà, a gbé e dé, ọkọ̀ sítáàtì, èéfín dúdú rú bo ọgbà. Ìyàwó ọmọ mi gbórí lé sítíárì, ó ń sunkún. Ó pa á. Ilẹ̀ mọ́, kẹ-kẹ-kẹ.

A ra bátìrì tuntun. Ilẹ̀ mọ́, kẹ-kẹ-kẹ.

A pe rẹwáyà láti Okokomaiko. Ọmọ Ègùn ni, ó sanra, kì í sinmi ẹnu. Ó tú kíkì sítátà tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ ọ́, ó ní eérú ló kún inú rẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn họ́tà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná kí dísù tó lè jó. Ó jẹ búrẹ́dì wa, ó mu omi wa, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ohun àná náà ni.

Ó padà dé, ó káwọ́ lérí. "Dádì, ọkọ̀ yìí ò ṣàìsàn o. Àrankàn ló ń ṣe."

Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n àbúrò mi wà nídìí ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí omi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Lọ́jọ́ kejì ó dé pẹ̀lú ìran.

"Wòlíì wa ti rí i," ó ní, ó fohùn sókè kí àwọn ayálégbé lè gbọ́. "Ẹni tó pa ọlọ́kọ̀ náà ló di ọkọ̀ mú. Ọ̀sán ni ọkọ̀ ń jí, òru ló ń kú. Ta ló wà nítòsí rẹ̀ lóru?"

Aṣọ ni ìyàwó ọmọ mi ń fọ̀. Ó nà dúró, fóòmù ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Mọ̀mí, ta lẹ ń bá wí?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni? Àbí fìlà náà ti bá ẹ lórí mu?"

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èmi nìkan ló ń sítáàtì ẹ̀. Ẹ kúkú sọ ọ́ tán."

"Ìwọ lo ti bá mi sọ ọ́ tán yẹn."

Ọmọbìnrin kékeré náà dúró láàárín wọn. Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ bàbá mi?"

N ò lè kọ bí ojú obìnrin yẹn ṣe rí síwèé.

Mo kọjú sí àbúrò mi, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, fọwọ́ wọ́nú! Mo ti ń wa lọ́rí kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì. Irin ló ń jẹ iná irin, àjẹ́ kì í mu bátìrì."

"Bọ̀dá," ó ní, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, "ọ̀fọ̀ ti pa yín níyè. Ẹ wọlé lọ jókòó." Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dá ọjọ́ ìpàdé lórí títà ọkọ̀ náà sí Sátidé. Wọ́n mú ẹnì kan tó ń ra ọkọ̀ tó ti di kọ̀ǹdẹ́mù wọlé, ó ń fẹsẹ̀ ta táyà ọmọ mi bí ẹni ń ta bọ́ọ̀lù.

Inú bí mi débi tí iyè mi fi sọjí. Mo ní kí wọ́n lọ pe rẹwáyà wá.

Mo bi í pé, "O ò ní gílóòbù tí wọ́n fi ń yẹ iná wò?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, ayé ti yí o. Kọ̀ǹpútà la fi ń wo ọkọ̀ báyìí."

"Ṣé o ní in?"

"Rárá."

"Mú gílóòbù wá."

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Èèyàn á yọ orí wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, á wá fi gílóòbù kékeré kan so bátìrì àti wáyà náà pọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú pátápátá, tí kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀, tí ilẹ̀kùn tì, gílóòbù ò gbọdọ̀ tàn. Bó bá tàn, nǹkan kan ń mu iná nìyẹn.

Ó tàn, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ológbò.

Rẹwáyà ṣí àpótí fíúsì. A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá yọ tí gílóòbù sì kú, ọ̀nà rẹ̀ ni olè wà. A yọ ti iná iwájú, a yọ ti rédíò, ti họ́ọ̀nù, a yọ gbogbo wọn tán. Gílóòbù ò kú.

"Ẹ̀yìn fíúsì ló ń gbà," rẹwáyà ní. Ó na ọwọ́ sábẹ́ bátìrì, ó ń tọ ohun kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ó fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, dúdú, wọ́n fi téèpù wé e mọ́ orí bátìrì dáadáa, iṣẹ́ ẹni tó fara balẹ̀. Wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù dísù lábẹ́ ọkọ̀, ó dé ẹ̀yìn, ó sì wọ inú ihò kékeré kan lára ògiri.

Ó dìde, ó ń gbọn eruku lórúnkún. "Dádì, yàrá ta rèé?"

"Tèmi ni."

A wọlé. Wáyà náà jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó sì lọ sídìí fáànù kékeré tí ọmọ mi rà fún mi nígbà ooru, èyí tí kò nílò iná ìjọba. Ó sọ fún mi pé sólà lórí òrùlé ló ń gbé e. Àgbà bí èmi, ta ni yóò gòkè lọ wò ó?

Ó mọ ohun tó jẹ́ kó parọ́. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé ọkọ̀ kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, pé ẹni tó bá ń fa iná lára ọkọ̀ tó ń bọ́ ọ, ẹnu ara rẹ̀ ló ń rán. Ó gbọ́. Ó sì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fa wáyà. Lọ́jọ́ wo? Mo ti rò ó títí, n ò mọ ọjọ́ tó ṣe é.

Nígbà tó wà láyé, kò séwu níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń jáde, bátìrì á kún lójú ọ̀nà, èmi á sì mu ìwọ̀nba tèmi lálẹ́. Nígbà tó kú, ọkọ̀ dúró, èmi náà ò sì jáde ní yàrá mọ́. Tọ̀sán-tòru ni fáànù ń fẹ́ sí mi lára. Nígbà míì ó máa ń dúró, ó sì máa ń padà yí. Ẹni tí ọmọ kú fún kì í béèrè lọ́wọ́ fáànù.

Èyí tó sì dùn mí jù: ká ní a ti ọkọ̀ náà kó lè sítáàtì, tó sì kúrò lára ògiri, wáyà yẹn ì bá ti já. Dírẹ́bà wo ni kò mọ̀ pé bí bátìrì bá kú, títì ni? Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkú ni, kò gbọdọ̀ rìn. Àṣẹ ẹbí ló so ó mọ́ yàrá mi.

Rẹwáyà fa wáyà náà yọ. Fáànù dúró. Ìyàwó ọmọ mi, tí a fi sídìí bátìrì níta, ké sí wa: "Gílóòbù ti kú!"

A ṣájì bátìrì. Ọkọ̀ sun òru ọjọ́ yẹn àti òru tó tẹ̀lé e. Láàárọ̀ Sátidé, lójú gbogbo ẹbí, ìyàwó ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì bú bí kìnnìún.

Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ò rí i! Àdúrà ti gbà!"

Rẹwáyà gbé púláyà rẹ̀ sókè, wáyà tó fà yọ wà lẹ́nu rẹ̀. "Mọ̀mí, ṣé ẹnu èyí náà ni àdúrà yín wà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n jẹun, wọ́n ní àwọn ò ní ta ọkọ̀ mọ́. Kò sẹ́nì kan tó yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́yìn sítíárì láti sọ pé, "A ṣì ọ́ sọ." Mo pe àbúrò mi sẹ́yìn ilé, mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìran ni òun sọ, òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo jí, mo rí matírẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọkọ̀. Ìkòkò wà níbẹ̀, báàgì aṣọ ọmọ wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ti wà nídìí sítíárì, kò lè wojú mi. Ìjanikin ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó ọmọ mi.

Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ìyàwó mi," mo ní, "ọkọ̀ mà ti ń ṣiṣẹ́. Ta ló lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi, Bàbá. Ẹ̀yin ò ṣe mí ní nǹkan kan." Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Bó bá fẹ́ sùn, á tún bi mí. Kí ni kí n máa sọ fún un nínú ilé tí wọ́n ti sọ ọ́?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbé e dìde.

Ọmọ náà wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó sáàárín. Àwọn ẹbí tó sùn mọ́jú nílé wà lórí ìjókòó wọn nínú pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó dìde. Èmi ni mo rìn lọ sí géètì, mo sì ṣí i fún wọn.