Òjò Ló Ń Bá Wa Kó Ọ̀rá Lọ

Oorun kì í kùn mí bí òjò bá ṣú. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń sá fún òjò. Wọn kò tíì dáyé nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nígbà tí èmi àti màmá mi ń gbé yàrá kan ní Agége.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ọjà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rá tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á ní ká máa kó o lọ sílé. Inú wa dùn sí i. Kẹrosíìnì wọ́n, a sì ń fi ọ̀rá ran iná. A ń fi wé mọ́ínmọ́ín, a ń fi dí òrùlé tó ń jò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, a ó kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, a ó máa retí òjò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tilé-toko á tú jáde, oníkálukú á da pàǹtí tirẹ̀ sínú àgbàrá.

Ẹ̀gbà ti mú màmá mi lẹ́sẹ̀. Orí ẹní nílẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò dé, wọ́n gbọ́ ariwo níta.

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń da pàǹtí ni, Màmá. Òjò ló ń bá wa kó o."

"Níbo ló ń kó o lọ?"

Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún bàtà ṣe ní yàrá kejì gbọ́ ọ. "Ìyá, GRA ló ń lọ. Ẹ jẹ́ káwọn olówó náà jẹ nínú ẹ̀."

"GRA? Máìgádì ò ní jẹ́ kó wọlé," ni màmá dáhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí omi dúró. Ọ̀rá ti dí ihò tí gọ́tà gbà kọjá lábẹ́ títì, omi ẹ̀gbin wá ṣẹ́rí padà sínú ilé. Mo fẹ́ gbé màmá, wọ́n wúwo, ilẹ̀ ń yọ̀. Omi dé àyà wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Mo kígbe. Bàbá oníbàtà sáré wọlé, a jọ gbé wọn sórí tábìlì, ṣùgbọ́n omi kò yéé gòkè.

"Dì wọ́n mú, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣubú."

Bàbá jáde. Lójú fèrèsé ni mo ti ń wò ó, tó ń fi ọwọ́ fa ọ̀rá jáde lẹ́nu ihò náà, ọ̀rá gígùn tí ẹ̀rọ kò tíì gé. Lójijì ni ihò náà là. Omi fà lọ gbuu, ó fa bàbá náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì la rí òkú bàbá nínú àbàtà.

Lọ́jọ́ ìmọ́tótó ìparí oṣù, sọ́jà dúró tì wá, a kó gbogbo ọ̀rá inú gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kankan kò wá gbé e. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òjò ti ṣú. Aládùúgbò wa kan gbé garawa pàǹtí jáde, ó dúró, ó ń wo ojú ọ̀run.

Màmá di ìró mi mú. "Gbé mi kúrò níbí."

Àwọn aládùúgbò gbé wọn pọ̀n mí, mo pọ̀n wọ́n dé ìdí ọkọ̀, a sì wọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlúpéjú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọn kò padà sí Agége títí wọ́n fi kú.