Fèrèsé Àgọ́ Gàrí

Ìyá mi kí mi bí àlejò lọ́jọ́ tí mo délé fún ìsinmi. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù zẹ́mì lẹ́bàá ọ̀nà, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo ń rẹ́rìn-ín lọ síbi tó jókòó sí nídìí ààrò gàrí rẹ̀. Ó gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, màdáámù. Gàrí lẹ fẹ́ rà?"

Èmi tó bí. Èmi tó pọ̀n sẹ́yìn la gbogbo ìlú Ifangni já. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, nítorí ẹ̀fẹ̀ kì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ohùn mi ló tó bú sẹ́rìn-ín, ló ní aṣọ tí mo wọ̀ ló jẹ́ kí n dà bí ìyàwó mínísítà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ sí sántẹ̀, ilé ìwòsàn ìlú wa, níbi tí obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní dókítà ti ń wo aláìsàn. Ó tan iná sí i lójú, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó fà á sísàlẹ̀. Ó ní ojú náà kò tíì bàjẹ́, èéfín ló ń jẹ ẹ́. Bí ìyá mi bá kúrò nínú èéfín, ojú rẹ̀ á máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀; bí kò bá kúrò, kó yáa máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ táràrà rìn. Ìyá mi dúpẹ́, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀, ó súre fún un. Nígbà tí a délé, ó lọ jókòó sídìí ààrò. Mo bi í pé kí ni dókítà sọ. Ó ní dókítà ní ojú òun kò tíì bàjẹ́.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kí ìyá mi fi gàrí sílẹ̀. Àwọn ará Tchaada máa ń kọjá níwájú gàrí ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gàrí nìkan. Àgọ́ rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà, kò sí ògiri, òpó àti páànù nìkan ni, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló máa ń kí. Ẹni tó ń lọ sóko ní Lagbé, ó kí i kú ìrìn oko. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó bi í léèrè ẹni tó wà nílé. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó dá igbá dúró láti bá a kẹ́dùn. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ ti kọjá lọ sí ọjà, ìyá mi ni wọ́n ń bi.

Iṣẹ́ tí èmi ń kọ́ ní yunifásítì kò lórúkọ tó rọrùn láti sọ fún ará ilé. Kí wọ́n tó kọ́ nǹkan, àwa la máa ń ṣírò bí ooru, omi tàbí atẹ́gùn yóò ṣe hùwà nínú rẹ̀. Ìdọ́gba ìṣirò tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe ń rìn sì le débi pé èèyàn kò lè jókòó kó yanjú rẹ̀ tán lórí ìwé. Nítorí náà a máa gé ibẹ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ojú àwọ̀n, kí kọ̀ǹpútà wá ìdáhùn tó súnmọ́ òótọ́ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú kan á bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé ooru yín ńkọ́, èéfín yín ńkọ́. Á gbọ́, á tún tirẹ̀ ṣe. Àwọn náà á tún bi í. Wọn á máa bi ara wọn bẹ́ẹ̀ títí ìdáhùn wọn kò fi ní yí padà mọ́. Bí ìkíni òwúrọ̀ nínú agboolé ni. Kí oòrùn tó mú, gbogbo ilé ti mọ ẹni tí kò sùn dáadáa.

Mo ní bí a bá lè ṣe é fún ilé iṣẹ́ ńláńlá, kí ló dé tí a kò ní ṣe é fún àgọ́ ìyá mi? Mo mú okùn ìwọ̀n, mo wọn òpó, mo wọn páànù, mo wọn ẹnu ààrò. Mo so òwú mọ́ orí igi láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìyá mi ń wò mí, ó ń yan gàrí lọ. Ó sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ti rí ẹni tó ń wọn ilẹ̀, òun ti rí ẹni tó ń wọn aṣọ, ọmọ òun ló kọ́kọ́ ń wọn atẹ́gùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣírò rẹ̀, ìkánjú ṣe mí. Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ síwájú ní àkókò tín-ín-tín, kó ṣẹ́jú kó tún wò. Èmi ní kó máa fo àkókò gígùn lẹ́ẹ̀kan kí iṣẹ́ lè yá. Ó fò lóòótọ́. Nígbà tó parí, ó ní àgọ́ ìyá mi gbóná ju oòrùn lọ. Mo sọ fún ìyá mi, ó ní a dúpẹ́, gàrí á tètè gbẹ nìyẹn.

Mo fara balẹ̀, mo tún un ṣe. Mo lò ó bí ẹni ń bu ẹ̀kọ gbígbóná jẹ, mò ń bu ú létí létí, iṣẹ́ tí mo rò pé yóò parí kí n tó jẹun ọ̀sán sì gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Níkẹyìn àwòrán jáde, búlúù níbi tí atẹ́gùn ti mọ́, pupa níbi tí èéfín ti dì. Mo gbé e lọ hàn án. Mo ní, Màmá, ibi tí ẹ jókòó sí nìyí. Nínú ìṣirò mi, bí àpótí onígun mẹ́rin ni mo ṣe ya ìyá mi, kí ó má baà fún kọ̀ǹpútà ní wàhálà. Ó gbé ojú tó ń ṣomi súnmọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Èmi nìyí? Ta ló gé mi lọ́rùn?"

Bó ti wù kó rí, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti apá òkun máa ń gba ojú ọ̀nà wọlé, á gbá èéfín, á yí i po lábẹ́ páànù, á sì dà á padà sójú ẹni tó jókòó. Mo mọ ògiri sójú ọ̀nà nínú kọ̀ǹpútà, mo ká páànù sókè díẹ̀ lẹ́yìn. Èéfín gba ẹ̀yìn lọ. Iwájú ìyá mi di búlúù. Inú mi dùn débi pé mo jó níwájú kọ̀ǹpútà.

Bíríkìlà kan ládùúgbò bá wa mọ ògiri náà, ó bá wa ká páànù sókè lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ sì rí gẹ́lẹ́ bí ìṣirò ṣe wí. Èéfín ń jáde lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo ń rìn kiri àgbàlá bí ẹni tó dá ayé. Èmi kò kíyè sí i pé ìyá mi kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ariwo ọ̀nà ń dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yà. Àwọn kan kí ògiri títí, ìyá mi sì dá wọn lóhùn láti inú, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń dá lóhùn, kò mọ èyí tó yẹ kó bi léèrè aboyún tàbí oko. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọmọ rẹ̀ ti kàwé, ó ti mọ odi. Àwọn kan ní àìsàn ló ń ṣe é tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí à ń pè ní Ìyá Daagbé nítorí ibẹ̀ ló kọ́lé sí, gbọ́ ọ lóko rẹ̀. Ó wá. Kò jókòó, kò gba omi. Ó nawọ́ sí ògiri.

"Ta lo bá jà tó o fi mọ ògiri sí i lójú?"

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ojú òun ni. Ìyá Daagbé ní gbogbo ìyá wọn ló yan gàrí, kò sí èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri fún ènìyàn. Ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún gbì, gbì. Ìyá mi ló gun àpótí, tó ń fi ọmọ odó yọ bíríkì lókè ògiri, ní ọ̀gangan ojú ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà. Èéfín ti ń yí padà bọ̀. Omi ti ń dà lójú rẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní Màmá, ẹ fẹ́ fọ́jú ni? Ó fi etí aṣọ nu ojú, kò bínú rárá.

"Àmọ́, ojú tí ò rí ẹni kí, kí ló fẹ́ fi ríran ṣe?"

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá gbọ́dọ̀ ní ihò, kí a mọ ibi tí ihò máa wà. Mo fi fèrèsé sókè, èéfín wálẹ̀. Mo fi í sí àárín, èéfín wọ́ káàkiri. Mo ń sún un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń ṣírò, mo ń dúró. Nígbà tí mo mú un dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ẹni tó jókòó lórí àpótí ìyangàrí ń dé, àwòrán náà yà mí lẹ́nu. Atẹ́gùn tútù gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó ti èéfín sókè, ó tì í sẹ́yìn. Ó dára ju ògiri tí kò ní fèrèsé lọ. Ojú ìyá mi sì wà ní ẹnu fèrèsé gẹ́lẹ́.

Bíríkìlà dí ihò òkè, ó lu ti ìsàlẹ̀. Ó bi mí bóyá ewúrẹ́ la fẹ́ máa gbà bẹ̀ wọlé.

Ohun tí èmi kò ṣírò ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá mi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìròyìn ṣe kàn pé ó ti ní fèrèsé, wọ́n tún ń yà. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀. Oní-zẹ́mì bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan láti ilé ìjọba tí kì í kí ẹnikẹ́ni fi orúnkún kan kanlẹ̀ nítorí gàrí. Wọ́n ní ìyá mi ti di ọba, pé ẹnu ọ̀nà ààfin nìyẹn. Ìyá mi ń gbádùn rẹ̀. Ó ń nawọ́ jáde, ó ń súre fún wọn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Àfi Ìyá Daagbé. Lọ́jọ́ ọjà, a rí ẹsẹ̀ kan tó dúró lójú ọ̀nà, àti etí ìró. Ẹsẹ̀ náà kò lọ, kò sì tẹ̀. Ẹni tó ni ín wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ kí àbúrò, kódà kí ojú àbúrò má ríran. Ìyá mi mọ bàtà náà. Ó fò dìde, ó ju igbá sílẹ̀, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. Wọ́n dúró síta, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ̀rọ̀ mi láìdáa. Gàrí jóná.

Láti ọjọ́ náà, bí àgbàlagbà èyíkéyìí bá ń bọ̀, ìyá mi ti dìde kí onítọ̀hún tó dé ẹnu fèrèsé. Àgbàlagbà kò sì wọ́n ní Ifangni. Ó ń jáde, ó ń wọlé, ó ń dúró nínú atẹ́gùn, ó ń gbọ́ ìròyìn. Èmi ni mò ń jókòó dípò rẹ̀, tí mò ń fi àfọ́ igbá ro gàrí kó má baà jóná. Àpótí tí kò ní ọrùn tí mo yà sínú kọ̀ǹpútà kò dìde rí. Nígbà tí mo ròyìn fún dókítà, ó ní ohunkóhun tó bá ń mú un dìde, kí a má dí i lọ́wọ́.

Ìsinmi parí, mo padà sílé ìwé. Nígbà tí mo tún délé lẹ́yìn ọdún Nòẹ́lì, mo jókòó sẹ́yìn zẹ́mì. Báàgì náà ni mo gbé kọ́ èjìká, aṣọ ìyàwó mínísítà ni mo wọ̀. A ṣì jìnnà díẹ̀, alùpùpù kò tíì dúró, nígbà tí ọwọ́ kan yọ láti inú ihò ìsàlẹ̀ ògiri, tó ń jù síwájú sẹ́yìn.

"Ìwọ yìí, wọn ò fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Wo bí ọrùn rẹ ṣe gùn."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà bí gbogbo ará ìlú ṣe ń ṣe, mo gbé ojú mi sẹ́nu fèrèsé. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó mọ́, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹ kú ilé, ṣùgbọ́n omi ti dà lójú mi pòròpòrò. Ó bi mí bóyá èéfín ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ni èéfín ń gbà lọ.