Nígbà tí Bíréèkì Màmá Mi Ń Rì

Màmá mi kì í gbà pé nǹkan àwọn bàjẹ́. Bí fíríìjì bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, wọ́n á ní ooru ló pọ̀ jù. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ẹran ni kò jinná. Nígbà tí bíréèkì ọkọ̀ wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ni ẹsẹ̀ wọn ń wọlẹ̀ bíi pé fùfú ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ní gìgísẹ̀ bàtà tuntun tí àwọn wọ̀ ló ga jù.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Bàbá mi ti kú, àwọn ló sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Èmi àti Màmá la jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń gba Malu Road lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní GRA. Màmá á máa wakọ̀, èmi á máa bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tírélà kan ṣàdédé dúró níwájú wa. Màmá tẹ bíréèkì. Ó wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ọkọ̀ ò dúró. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún wọlẹ̀. Ẹ̀yìn tírélà náà ń bọ̀ wá bá wa. "Má bẹ̀rù, Ọlọ́run wà" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Mo fa bíréèkì ọwọ́, Màmá darí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, a sì lọ kó sínú òkìtì ògbólógbòó taya níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń lẹ taya. Ọ̀kan nínú àwọn taya náà yí lọ sínú gọ́tà.

Ọkùnrin náà jáde pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ó wò wá títí.

"Mama, na brake or na vex?"

"Bàtà ni," Màmá dá a lóhùn.

A fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Mẹkáníìkì kan wà nítòsí, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbàyè níbi iṣẹ́, èmi àti Màmá sì lọ bá a. Kò tíì wo nǹkan kan tó fi ní páàdì bíréèkì ló ti jẹ tán. Mo ní páàdì tuntun ni. Ó ní ó dáa. Ó wo ẹ̀yìn taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá epo ń jò, kò rí ibi tó tutù. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ bíréèkì sókè, ibẹ̀ náà gbẹ. Ó ní kí n jókòó, kí n ṣáná sí ọkọ̀, kí n tẹ bíréèkì léraléra, kí n wá dì í mú. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́, ó le díẹ̀. Nígbà tí mo dì í mú, ó rọra ń rì lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ láàárín ìwàásù.

"Epo ò jò síta," mẹkáníìkì sọ. "Inú ló ti ń jò. Na master be that."

Ó tú másítà náà síwájú mi, irin kékeré kan báyìí tó ń ti epo bíréèkì lọ sí ìdí taya. Àwọn rọ́bà inú rẹ̀ ló yẹ kó di epo náà mú, ṣùgbọ́n wọ́n ti wú bí ètè ẹni tí oyin ta. Mẹkáníìkì yí wọn sọ́tùn-ún sósì. Ó ní ọjọ́ orí kì í ṣe rọ́bà báyìí.

Èmi wá yọjú wo ike tí wọ́n ń da epo bíréèkì sí. Nǹkan kan léfòó sórí epo náà, ó pọ́n bí oyin. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn dáadáa. Wọ́n ti fi pa mí níwájú orí rí.

Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń fẹ́ ara wọn.

"Màmá, kí lẹ dà sínú ike yìí?"

"Ó ti lọ sílẹ̀. Mo kún un."

"Kí lẹ fi kún un?"

Wọ́n fẹ́ ara wọn síwájú sí i. "Pásítọ̀ ní ká fi òróró yẹn kan ohunkóhun tó bá ń dà wá láàmú."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi kàn án, Màmá. Wọn ò ní kẹ́ ẹ fi sè é."

Mẹkáníìkì ti kẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì. "Òróró? Mama, you wan fry am?"

"Òróró mímọ́ ni," Màmá sọ, "kì í ṣe òróró dòdò."

Mímọ́ tàbí àìmọ́, gbogbo rọ́bà tí òróró náà dé ọ̀dọ̀ wọn ló ti bà jẹ́. Mẹkáníìkì pààrọ̀ másítà, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà ìdí taya àtàwọn ọ̀pá rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, ó sì fi epo tuntun fọ inú páìpù. Ó wá ku kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ tó ti wọ páìpù jáde. Ẹnì kan ní láti máa tẹ bíréèkì, Màmá sì ní àwọn ni, ẹsẹ̀ àwọn ló mọ̀ ọ́n.

"Mama, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dì í mú. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o," ni mẹkáníìkì ń sọ láti abẹ́ ọkọ̀. N kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún Màmá mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dì í mú. Fóònù wọn bá dún. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ láti gbé e, afẹ́fẹ́ tún wọ páìpù padà.

"Mama, who dey call?"

"Pásítọ̀ ni. Wọ́n ń béèrè ọkọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí afẹ́fẹ́ jáde tán, tí mẹkáníìkì lọ fọwọ́, wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá yín ló máa ń kún un. Mi ò mọ èyí tí wọ́n ń lò, ojú sì ń tì mí láti bi èèyàn." Mo jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀, mo fi ìgò epo bíréèkì tuntun tó kù hàn wọ́n, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ a wa ọkọ̀ náà yí àwọn òpópónà tó dákẹ́ ní GRA ká. Bí Màmá ṣe fẹsẹ̀ kan bíréèkì báyìí, ọkọ̀ dúró gbọnin, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kò tíì yé àwọn, wọ́n tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n jáde lọ jẹ́rìí. Wọ́n ní ọ̀tá ti ọwọ́ bọ bíréèkì àwọn, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Ìjọ ṣe àmín. Mo fi ìwé orin bojú. Nígbà tí wọ́n padà wá jókòó, mo rọra bi wọ́n pé ọ̀tá wo.

"Wọ́n ti dá orin," wọ́n ní. "Dìde."